Igi Àyíká Ilé àti Iná Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀rọ̀ tí a pè yín sí ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ìwàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè sọ ọ́ kí a má mẹ́nu kan Ìwé Mímọ́. Ọ̀rọ̀ igi ni, àti ewéko, àti koríko tí ó yí ilé wa ká ní Òkè-Fìà yìí: èwo nínú wọn ni ó ń ran iná lọ́wọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé, èwo ni ó sì ń dí i lọ́nà.

Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn Mose ní òkè Horebu, bí ó ti rí igbó tí ń jó tí kò sì run. Darandaran ni Mose. Ó ti rí iná igbó rí, ó sì mọ̀ pé igbó tí iná bá mú, eérú ni í dà. Nítorí náà ni ó ṣe yà kúrò lọ́nà láti lọ wo ohun ìyanu náà. Èyíinì ni kí a kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Kò sí igi kan ní Òṣogbo tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tàbí ní ibikíbi ní ayé, tí iná kò lè jó bí ooru bá pọ̀ tó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé igi wá bá yín tí ó sì ní iná kì í jó o rárá, kí ẹ pa owó yín mọ́. Igi tí kì í tètè gba iná ni à ń wá, èyí tí ó jẹ́ pé, bí iná bá tilẹ̀ mú un, kò ní tètè gbé e fún ilé.

Ibi tí a tẹ̀dó sí yìí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí a bá kọrí sí Iléṣà, igbó ńlá ni àwọn baba wa bá níbẹ̀, ibi òjìji àti ọ̀rinrin. Bí a bá kọrí sí àríwá, tí a kọjá Ìkìrun lọ sí Ọ̀fà, pápá ni, koríko ni. Òṣogbo wà ní agbedeméjì àwọn méjèèjì. Ní ayé àtijọ́, iná pápá a máa jó títí dé etí igbó, a sì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ igbó tutù lábẹ́ òjìji, atẹ́gùn kò sì ráyè fẹ́ iná náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gé igbó fún oko, tí a sì gé e fún ilé, koríko ni ó gba ipò igi. Pápá bá wa wá sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà inú yín rántí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983. Ní ilẹ̀ Ghana, iná ọdún náà jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ, ó sì wọ inú igbó tí àwọn ènìyàn rò pé iná kò lè wọ̀.

Ẹ̀yin yóò wí pé, ilé wa kì í ṣe ilé koríko mọ́. Òtítọ́ ni. Nígbà tí a ń fi bẹẹrẹ àti ewé gbodogi bo ilé, ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo tó láti sọ agbolé di ahoro. Láti ìgbà tí páànù ti dé, a ti simi díẹ̀. Páànù kò jó, ṣùgbọ́n igi tí ó gbé páànù dúró ń jó. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí iná igbó ní ilẹ̀ òkèèrè ti rí i pé, nínú àwọn ilé tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń run, èyí tí ó pọ̀ jù ni kì í ṣe ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ ni ó dé ibẹ̀. Ìpẹ́pẹ́ iná ni, èyí tí atẹ́gùn gbé fò. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣebí àwa ni a sọ màjàlà ní olófòófó, nítorí kí ará ilé tó gbọ́ pé oko ń jó, màjàlà ti bà sí àgbàlá rẹ̀. Màjàlà tí ó ti kú kò ní ewu. Èyí tí iná ṣì wà lára rẹ̀, tí ó bọ́ sí ààrin ewé gbígbẹ tí ó kún abẹ́ fèrèsé, tàbí tí ó gba ihò abẹ́ òrùlé wọ inú àjà, òun ni ó ń jó ilé nígbà tí onílé rò pé iná ṣì wà lọ́nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ àwọn ọ̀tá ná. Ẹ̀kan ni àkọ́kọ́. Orí rẹ̀ a gbẹ nígbà tí òjò bá dá, iná a sì jó o. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí iná kò dé, kí òjò kan péré sì rọ̀, ó ti yọ, ó tún nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn igi kéékèèké tí ìbá dàgbà kí wọ́n sì ṣíji bò ó ni iná pa. Ẹni tí ń sun ẹ̀kan lọ́dọọdún kí ó lè kúrò ní àyíká ilé rẹ̀, ẹ̀kan ni ó ń gbìn. Èèsún tẹ̀ lé e, tí ó ga, tí ó sì ń gbé ọwọ́ iná sókè dé ibi tí páànù wà. Ẹ̀kẹta ni ewé tí a ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Awólówọ̀, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ìṣèlú baba rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀; ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà, ó dàpọ̀ mọ́ irúgbìn igi mẹláínà tí a kó wá láti erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí. A kò ní gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ewé rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́, gbogbo ọmọ tí ó lọ oko ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di oṣù kìíní ọdún, igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ ni, ó ga ju ènìyàn lọ, ó wé mọ́ ara wọn, òróró inú ewé rẹ̀ sì ń mú kí iná yára. Nígbà tí Jotamu ń pa òwe rẹ̀ fún àwọn ará Ṣekemu, láti inú igi ẹ̀gún lásán ni ó ní iná yóò ti jáde wá láti jó igi kedari. Igbó yẹpẹrẹ ni í jó igi ńlá.

Ọparun kò yẹ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Èèpo rẹ̀ gbígbẹ ń kó jọ sí ìdí rẹ̀, nígbà tí iná bá sì dé inú rẹ̀, a máa dún bí ìbọn, a sì máa ta ìpẹ́pẹ́ ká. Ti ọ̀pẹ ńkọ́? Ẹni tí ó bá bú ọ̀pẹ bú ohun tí ó bọ́ ọ. Síbẹ̀, láti ara ọ̀pẹ ni a ti ń rí ògùṣọ̀. Ọ̀pẹ tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé, tí imọ̀ gbígbẹ rọ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká láti ọdún mẹ́ta, ògùṣọ̀ tí ó dúró ni, ó ń retí ẹni tí yóò ràn án. Kí a pe agbọ́pẹ kí ó gé imọ̀ náà kúrò kí ọyẹ́ tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn igi òyìnbó kan tí a fẹ́ràn nítorí ẹwà wọn, bí igi Kérésìmesì tí ewé rẹ̀ rí wínníwínní, àti yúkálíptọ́ọ̀sì. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán wọn wò. Ẹ já ewé kan, kí ẹ fi ìka ra á. Bí ó bá ń ta sánsán bí òróró ìpara, tí oje rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìka bí àtè, oúnjẹ iná ni. Kí ó jìnnà sí fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ pé omi lásán ni ó jáde, tí ewé náà sì nípọn tí ó tutù, irú èyíinì ni à ń wá. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí hú efinrin ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìdí efinrin kan tí a ń já ewé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò tó ohun tí a ń bẹ̀rù.)

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni olórí wọn. Àwọn àgbà wa ti so iná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ nínú òwe: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rọ́pò. Òwe ọmọ bíbí ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yá a lò. Kò sí ìyàwó ilé tí ó ń wá ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ láti fi dáná ọbẹ̀, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, ó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Iná tí ó bá dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sè omi náà gbẹ, agbára rẹ̀ a sì ti tán sórí iṣẹ́ yìí. Níbo ni àwọn ìyá wa sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí? Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tí ilẹ̀ kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú iná ńlá tí ó jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní agbègbè Sonoma ní ọdún 2017, wọ́n sì fi ìṣirò wò ó pé, bí ó bá ṣe pé a ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ìgbànú tí ó fẹ̀ sí ààrin igbó àti ìlú, tí a sì ń fi omi tí a ti lò tẹ́lẹ̀ rin ín, agbára iná náà ì bá ti rọ púpọ̀púpọ̀. Nígbà tí a ka èyí, ẹ̀rín músẹ́ ni a rín. Omi tí a ti lò, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá wa nìyẹn! Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa. Ìgbànú tí wọ́n ń wí fẹ̀ gidigidi, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta kò sì lè dá iná pápá dúró. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gba ìpẹ́pẹ́ tí ń fò, kí ó sì bo ògiri kúrò lọ́wọ́ ooru. Àní èyíinì kò ní ṣeé ṣe bí a bá jẹ́ kí ewé gbígbẹ máa rọ̀ sí ara rẹ̀ bí aṣọ alágbe. Ewé tútù rẹ̀ ni ó ń dí iná. Ewé gbígbẹ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ pèrègún ni a mọ̀ pé àwọn kan yóò bá wa jiyàn lé lórí. Pèrègún kì í wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ nípọn, omi ń bẹ nínú igi rẹ̀, ó sì ń dúró gbọnin bí ọgbà. Àwọn baba wa fi í pààlà ilẹ̀, wọ́n sì gbìn ín sí ojúbọ pẹ̀lú. Nítorí ti ojúbọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìhìnrere hú u kúrò ní àgbàlá wọn. A kò bú wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ nǹkan ni ó mọ bí ó ti di òun mú tó. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó dá pèrègún, ní ọjọ́ kẹta, kí ọmọ ènìyàn kan tó wà láyé láti gbẹ́ ère. Paulu Àpọ́sítélì sì ti kọ́ àwọn ará Kọrinti pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan. Bí òrìṣà kò bá jẹ́ nǹkan, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ewé tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ohun tí ó dùn wá jù ni pé, ní ipò pèrègún tí ó kún fún omi, igi olóròóró ni ọ̀pọ̀ wa gbìn, nítorí a rí àwòrán rẹ̀ lórí káàdì Kérésìmesì. Ohun kan náà ni a ní láti wí nípa akòko, tí àwọn kan ń sá fún nítorí pé a fi ewé rẹ̀ jẹ oyè. Ọgbà tí ó dára ni.

Àwọn ewé tí ó kúrú ń bẹ fún abẹ́ fèrèsé àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀dúndún àti àbámọdá, tí ewé wọn kún fún omi títí dé etí, etí erin, ọ̀pẹ̀-òyìnbó, tí kì í rọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó sì ń fi èso san owó ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ewúro pẹ̀lú, bí a bá ń já a fún ọbẹ̀ nígbà gbogbo kí ó má baà di igi. Ti lápálápá, a gbà á fún ọgbà, nítorí oje rẹ̀ pọ̀, ẹran kì í sì í jẹ ẹ́; ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ní òróró, májèlé sì ni fún ọmọdé, nítorí náà kí a máa ṣa á nílẹ̀. Nínú igi òjìji, ọdán ló wù wá jù, bí ààyè bá wà. Máńgòrò náà dára, bí onílé kò bá jẹ́ ọ̀lẹ tí kò lè gbálẹ̀.

Ẹ bá wa ká lọ sí ìlú kan ní àárín òkun Pàsífíìkì. Lahaina ni orúkọ rẹ̀, ní erékùṣù Maui, ní Hawaii. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2023, iná kan bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ẹ̀fúùfù líle. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jó ilé tí ó ju 2,000 lọ, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Kí ni ó gbé iná náà lọ́wọ́? Koríko ni. Ilé-iṣẹ́ ìrèké tí ó ní oko káàkiri òkè ìlú náà ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1999, ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ oko náà sì di ìgboro koríko tí kò sẹ́ni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn koríko náà ti ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí lọ, àwọn tí ń sin màlúù ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ilé ìjọsìn Waiola, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1823, jó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n igi kan wà ní ààrin ìlú náà, ìbátan ọdán wa ni, tí a gbìn ní ọdún 1873 láti fi ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún tí àwọn míṣọ́nnárì dé ibẹ̀. Iná bà á, ó gbẹ, àwọn ènìyàn rò pé ó ti kú. Wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé omi wá bomi rin ín. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ó ti hu ewé titun. Apá kan rẹ̀ kú, wọ́n gé e. Apá kejì wà láàyè.

Èyí ni ó mú wa dé orí ọ̀rọ̀ tí a torí rẹ̀ pè yín. Ẹ bojú wo ẹ̀yìn ògiri yín ní Òkè-Fìà yìí. Ilẹ̀ mélòó ni ẹ mọ̀ tí a ti rà, tí a ti rì òpó mẹ́rin sí igun rẹ̀, tí a kò sì tíì kọ́ láti ọdún mẹ́wàá? Ta ni ó ni wọ́n? Ọmọ wa ni. Ó ń bẹ ní Èkó, ó ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi ìdámẹ́wàá ránṣẹ́ sí ìjọ, Akíntọ́lá sì ń hù lórí ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi yọrí sókè ògiri opó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Opó náà lè gbin ọ̀dúndún sí abẹ́ gbogbo fèrèsé rẹ̀. Kí ni yóò ràn án lọ́wọ́ bí igbó ọmọ wa bá gbiná?

Àwọn onímọ̀ iná ní California pín àyíká ilé sí ọ̀nà mẹ́ta. Láti ara ògiri dé ẹsẹ̀ bàtà 5, wọn kò fẹ́ kí ohun kan tí ó lè gbiná wà níbẹ̀ rárá, ewé gbígbẹ, igi ìdáná, ẹní, ohunkóhun; ó wu wọ́n kí ó jẹ́ òkúta tàbí ilẹ̀ gbalasa. Àwa yóò gba ọ̀dúndún àti etí erin láàyè níbẹ̀, bí a bá gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí a sì ń ro ìdí wọn. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 30, kí ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ tútù, kí ó má ṣe pọ̀ jù, kí ẹ̀ka igi má ṣe fara kan òrùlé. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 100, kí a dín igbó kù. Ẹsẹ̀ bàtà 100! Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń tà fún ilé kíkọ́ ní ìlú wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ. Ìdajì ọgbà tí ó lè dáàbò bo ilé rẹ wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ìdajì ọgbà tirẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ rẹ.

Òfin Mose mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Eksodu orí 22, ẹsẹ 6, a mẹ́nu kan iná tí ó ràn mọ́ ẹ̀gún tí ó sì jó ọkà ọmọnìkejì. Ẹni tí ó dá iná náà ni a ní kí ó san án. Òfin náà kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni ẹ̀gún. Àwa náà kò ní fi kún un. Ṣùgbọ́n a gbà pé ó yẹ kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí i, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ máa gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà síbẹ̀ ní ìgbà òjò, kí wọ́n sì ro ó mọ́ ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó fẹ́. Ilẹ̀ tí a ro kì í jó. Kí a má sì ṣe fi iná ro ó. Bí iná bá bẹ́ sílẹ̀ ní tòótọ́, nọ́ḿbà 112 ni kí a tẹ̀ lórí fóònù láti fi ké sí ìrànlọ́wọ́, kí a sì ti gé igi tí ó dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná yóò gbà.

Àwọn kan ti bi wá pé, ṣé kò ní yá kí a gé gbogbo igi, kí a sì da sìmẹ́ńtì bo àgbàlá? Yóò dí iná lọ́nà, a kò jiyàn. Yóò tún mú ilé gbóná bí ààrò láti oṣù kejì títí òjò yóò fi dé, ẹ̀kúnomi a sì máa wọ ilé nígbà tí òjò bá rọ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ tí yóò fà á mu. Àwa kò lè gbà yín ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìgbà gbígbìn, kí a gé ọ̀pá pèrègún àti ti lápálápá nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí a gún un sí ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn. Ọ̀dúndún kò gba wàhálà. Ọ̀pá rẹ̀ kan tó. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a tètè gbìn, kí ó lè rí òjò mu fún oṣù mẹ́fà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí a sì la ojú omi láti balùwẹ̀ wá sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí balùwẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilé, tí omi rẹ̀ ń lọ sínú kòtò abẹ́ ilẹ̀, kí ó máa da omi ìfọṣọ sí i.